Dáìsì Kì í Rántí: Bí A Ṣe Ń Ta Lúdò àti Bí A Ṣe Ń Ka Máàkì Rẹ̀



Bí èèyàn bá gba inú Ìbà Housing Estate kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ìró dáìsì nínú ife. Abẹ́ igi ni o, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni o, ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ Màrúwà ti ń dúró de èrò ni o. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Òkokomáìkò, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ọ̀jọ́. Èèyàn méjì tàbí mẹ́rin á jókòó, mẹ́wàá á dúró lé wọn lórí, àwọn tó dúró yìí ló sì máa ń pariwo jù.

Tí ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa, ìjà mẹ́ta ló sábà máa ń wáyé nídìí bọ́ọ̀dù lúdò. Èkíní ni ìjà òfin: "Ní àdúgbò tiwa, bó o bá ti pa ọmọ, ọmọ tìẹ náà ti parí ìrìn nìyẹn." Èkejì ni ìjà ọwọ́: "Ẹ wo bó ṣe ń já ẹẹ́fà! Ó ti fi nǹkan sí i." Ẹ̀kẹta ni ìjà owó. Òun ló burú jù, torí òun ló ń tú ọ̀rẹ́ ká, òun náà ló ń gbé owó oúnjẹ kúrò nílé. Mo fẹ́ ṣàlàyé eré yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n sì fi ìṣirò díẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ kò ju méjì lọ: ẹ ṣàdéhùn kí dáìsì tó balẹ̀, tó bá sì ti balẹ̀ tán, ẹ rántí pé òun kì í rántí nǹkan kan.

Láti orí owó ẹyọ dé orí dáìsì

Ayò ọlọ́pọ́n ni eré tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀rọ̀ oríire níbẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lójú ọpọ́n ni àwọn méjèèjì ń rí, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ló ń borí. Lúdò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni kan tó ń jẹ́ Alfred Collier ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Látìn ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "mò ń ṣeré." Àmọ́ Collier kọ́ ló dá a sílẹ̀ láti inú òfìfo o. Eré àwọn ará Íńdíà tí wọ́n ń pè ní pachisi ni wọ́n mú, wọ́n dín òfin rẹ̀ kù, wọ́n sì fi dáìsì onígun sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa Yorùbá nìyí: owó ẹyọ ni àwọn ará Íńdíà ń jù tí wọ́n bá ń ta pachisi. Ẹyọ mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á dà á sílẹ̀, wọ́n á wá ka iye tó dojú ẹnu sókè. Bí wọ́n ṣe ń kà á lọ́nà tó wọ́pọ̀ nìyí:

Bí ẹnu 2, 3, 4 tàbí 5 bá wà lókè, iye yẹn náà ni ọmọ yóò rìn.
Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá dojú sókè, ó jẹ́ 6, wọ́n á sì tún jù.
Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá dojú sókè, ó jẹ́ 10, wọ́n á sì tún jù.
Bí kò bá sí ìkankan tó dojú sókè, ó jẹ́ 25, wọ́n á sì tún jù.

Nọ́ńbà 25 yìí ló fún eré náà lórúkọ, torí "pachis" ni wọ́n ń pe 25 lédè Híńdì. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé kí ló dé tí òfo fi gba 25. Ká gbà pé ẹnu àti ẹ̀yìn ẹyọ ń já dọ́gba. Ọ̀nà 64 ni ẹyọ mẹ́fà lè gbà balẹ̀. Nínú 64 yẹn, ọ̀nà 20 ló fún wa ní ẹnu mẹ́ta lókè, ọ̀nà 6 ló fún wa ní ẹnu kan, ọ̀nà kan ṣoṣo ló fún wa ní òfo. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni wọ́n fi nọ́ńbà ńlá san. Ẹ kíyè sí i pé mẹ́fà tó dojú sókè náà ní ọ̀nà kan ṣoṣo, síbẹ̀ 6 péré ni wọ́n fún un. Òfin eré kì í fìgbà gbogbo bá ìṣirò mu. Àdéhùn ni òfin.

Owó ẹyọ yìí kan náà, láti erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà, ló gba orí omi dé ọ̀dọ̀ wa, tó di owó ọjà nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ. Òun ni wọ́n fi ra iṣu, òun ni wọ́n fi san ìdána, òun náà ni wọ́n fi ra ènìyàn lẹ́rú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Hamburg láti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ẹyọ mìíràn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ wá sí Èkó láti Zanzibar. Ẹyọ pọ̀ títí, owó di yẹpẹrẹ.

Àwọn baba wa náà mọ bí a ṣe ń ka ẹnu ẹyọ. Nínú ẹ̀rìndínlógún, ẹyọ 16 ni olórìṣà ń dà sílẹ̀, iye tó dojú ẹnu sókè ló sì ń sọ odù tó jáde: ọ̀kan jẹ́ Ọ̀kànràn, mẹ́jọ jẹ́ Éjì Ogbè. Ìyẹn kì í ṣe eré, n kò sì pè é ní eré. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a da nǹkan sílẹ̀, kí a ka ojú tó wà lókè, kì í ṣe ohun tí Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ wa.

Bọ́ọ̀dù, ọmọ àti ilé

Bọ́ọ̀dù lúdò ní ilé mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: pupa, yẹ́lò, búlúù àti gíríìnì. Ọmọ mẹ́rin ló wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn ń pè wọ́n ní síìdì. Ojú 52 ló wà lórí ọ̀nà gbangba tí gbogbo ọmọ jọ ń rìn, wọ́n á sì máa lọ bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ. Ojú ẹnu ọ̀nà ilé rẹ ni ọmọ rẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí bọ́ọ̀dù ká tán, yóò yà sí ọ̀nà aláwọ̀ tirẹ̀, níbi tí ọmọ ẹlòmíràn kò lè dé, yóò sì wọ àárín bọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ ká ka ìrìn yìí, torí a máa nílò rẹ̀ níwájú. Láti ojú ẹnu ọ̀nà, ìṣísẹ̀ 50 ni ọmọ máa rìn kó tó dé ibi tó ti máa yà. Ìṣísẹ̀ 5 tún wà lórí ọ̀nà aláwọ̀, ìkẹfà ló wọ àárín. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 56. Ọmọ mẹ́rin yóò rìn 224.

Ní Èkó, dáìsì méjì la fi ń ta á, kì í ṣe ẹyọ kan bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ ọ́. Tó bá jẹ́ èèyàn mẹ́rin ló jókòó, ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á mú. Tó bá jẹ́ èèyàn méjì, ilé méjì méjì ni, ọmọ mẹ́jọ mẹ́jọ.

Bí a ṣe ń ta á

Ẹẹ́fà ló ń ṣílẹ̀kùn. Bí ẹẹ́fà kò bá já, ọmọ kankan kò lè kúrò nílé. Bí o bá ju 6 àti 3, o lè fi 6 mú ọmọ kan bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, kí o fi 3 rìn, yálà pẹ̀lú ọmọ yẹn tàbí pẹ̀lú òmíràn tó ti wà níta. Tí o bá fẹ́, o lè fi 6 yẹn rìn dípò kí o fi mú ọmọ jáde.

Dáìsì kọ̀ọ̀kan dá dúró. Bí 4 àti 5 bá já, o lè fi ọmọ kan rìn 4, kí o fi òmíràn rìn 5. O sì lè fi ọmọ kan ṣoṣo rìn méjèèjì, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibi tí dáìsì àkọ́kọ́ gbé e dé ná. Nọ́ńbà tí kò bá rí ọmọ tó lè lò ó, ó ṣòfò nìyẹn.

Bí ẹẹ́fà méjì bá já pọ̀, o máa lò wọ́n, o máa tún jù.

Bí ọmọ rẹ bá balẹ̀ sí ojú tí ọmọ ẹlòmíràn wà, o ti pa á. Ọmọ tó kú padà sínú ilé rẹ̀, ó di ìgbà tí ẹẹ́fà bá tún já kó tó jáde. Ibi tí lúdò ìgboro Èkó ti yàtọ̀ pátápátá nìyí: ọmọ tó pa èèyàn kò rìn mọ́. Wọ́n á gbé e kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n á gbé e sí àárín bí ẹni tó ti rìn 56 tán. Òfin kékeré lèyí lójú, àmọ́ òun ló sọ lúdò wa di eré ológun.

Láti wọ àárín, nọ́ńbà tó ṣe géérégé ni. Bó bá ku 3, 3 ni yóò gbé e wọlé. 4 kò wúlò fún un. Ẹni tí gbogbo ọmọ rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé àárín ló borí.

Ohun tó yẹ kí ẹ bára yín sọ kí ẹ tó jókòó

Òfin lúdò kì í ṣe ọ̀kan náà láti òpópónà sí òpópónà. Ẹni tó wá láti Okoko lè bá ẹni tó wá láti Ìyáná Ìbà jókòó, kí kálukú gbà pé tòun lòótọ́. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè márùn-ún yìí:

1. Ọmọ tó bá pa ọmọ, ṣé ó lọ sí àárín ni, àbí ó dúró síbẹ̀?
2. Ṣé ojú ààbò wà, níbi tí a kò ti lè pa ọmọ? Ní pàtàkì, ọmọ tó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹlòmíràn, ṣé onílé lè já ẹẹ́fà kó pa á?
3. Bí ọmọ méjì aláwọ̀ kan náà bá wà lójú kan, ṣé wọ́n ti di ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn, àbí a lè fò wọ́n kọjá?
4. Bí dáìsì bá jábọ́ sílẹ̀ tàbí tó fẹ̀gbẹ́ ti bọ́ọ̀dù, ṣé a máa tún un jù? Èmi ó ní kí ẹ tún un jù, méjèèjì pọ̀.
5. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ọmọ, ṣé ó di dandan kó fi rìn?

Kò gbà yín ní ìṣẹ́jú méjì. Ìjà òfin tán síbẹ̀.

Ẹ yẹ dáìsì náà wò. Ojú tó kọjú sí ara wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 7 tí a bá rò wọ́n pọ̀: 1 pẹ̀lú 6, 2 pẹ̀lú 5, 3 pẹ̀lú 4. Tí ẹ bá ń fura, ẹ po iyọ̀ púpọ̀ sínú omi títí dáìsì oníke náà yóò fi léfòó, kí ẹ máa fi ìka yí i. Èyí tó bá ń gbé ojú kan náà wá sókè ní gbogbo ìgbà, wọ́n ti fi nǹkan wúwo sí ìdí kan nínú rẹ̀, tàbí kí ihò wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ nù. Kí ẹ sì fi ife gbọ̀n ọ́n. Ọwọ́ lásán máa ń jẹ́ kí èèyàn rọra tì í.

Dáìsì kò mọ ojú ẹnikẹ́ni

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ló kàn. Dáìsì kan ní ojú 6. Dáìsì méjì ní ọ̀nà 6 lọ́nà 6, ìyẹn 36, tí wọ́n lè gbà balẹ̀. Nínú 36 yẹn, mélòó ló ní ẹẹ́fà nínú, ó kéré tán ọ̀kan? Dáìsì àkọ́kọ́ lè jẹ́ 6, kí èkejì jẹ́ ohunkóhun: ọ̀nà 6. Èkejì lè jẹ́ 6, kí àkọ́kọ́ jẹ́ ohunkóhun: ọ̀nà 6. A ti ka 6 àti 6 lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yọ ọ̀kan kúrò. Ó ku 11.

Nínú ìjù 36, bíi 11 ló máa ṣílẹ̀kùn, 25 kò ní ṣí i. Nítorí náà, bí ọmọ rẹ bá wà nílé, bí ìjù mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni o máa fi dúró de ẹẹ́fà, tí a bá pín in dọ́gba.

Ní báyìí, ẹnì kan jù lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹẹ́fà kò já. Gbogbo èèyàn ti ń wo alátakò rẹ̀ bí oníṣègùn. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀: 25 nínú 36, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó máa fún yín ní nǹkan bíi 16 nínú 100. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnì kan nínú mẹ́fà. Ẹni mẹ́rin tó bá ta lúdò láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, ó ṣòro kí irú èyí má ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ má fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Bí ìṣirò ṣe wí ló ṣẹlẹ̀ yẹn.

Ohun tó wá ń pa èèyàn lára jù lọ ni ìgbàgbọ́ kejì: "Mo ti jù lẹ́ẹ̀marùn-ún láìrí i, ó ti tó àsìkò tó máa já." Kò sí ohun tó tó àsìkò. Ìjù kẹfà, 11 nínú 36 náà ni. Ẹyọ egungun tàbí oníke tí ẹ ń jù yẹn kò ní ọpọlọ tó fi lè mọ̀ pé ẹ ti ń jìyà láti àárọ̀. Kì í ṣàánú, kì í bínú, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí "ọwọ́ rẹ̀ gbóná": ó já ẹẹ́fà lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, ìjù tó kàn kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò já rárá.

Ibi tó yẹ kí ọmọ rẹ dúró sí

Tó bá jẹ́ pé oríire nìkan ni lúdò, kò ní yẹ kí n kọ nǹkan gígùn báyìí. Dáìsì ló ń sọ nọ́ńbà. Ìwọ lo ń yan ọmọ tó máa rìn. Ìwọ lo sì ń yan iye ìṣísẹ̀ tó máa wà láàárín ọmọ rẹ àti ọ̀tá tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ka iye ọ̀nà, nínú 36, tí ọmọ kan lè gbà pa èyí tó wà níwájú rẹ̀, yálà pẹ̀lú dáìsì kan tàbí pẹ̀lú méjèèjì. N kò ka ti ìtúnjù ẹẹ́fà méjì mọ́ ọn:

Bí ìṣísẹ̀ 1 bá wà láàárín: ọ̀nà 11
2: ọ̀nà 12
3: ọ̀nà 13
4: ọ̀nà 14
5: ọ̀nà 15
6: ọ̀nà 16
7: ọ̀nà 6
8: ọ̀nà 5
9: ọ̀nà 4
10: ọ̀nà 3
11: ọ̀nà 2
12: ọ̀nà 1

Ẹ wo ibi tó ti já lójijì. Ẹni tó fi ìṣísẹ̀ 6 ṣíwájú ọ̀tá wà nínú ewu tó ju ti gbogbo èèyàn lọ: 16 nínú 36. Ẹni tó fi 7 ṣíwájú, 6 péré. Ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Ìdí rẹ̀ ni pé láti 1 dé 6, dáìsì kan lè débẹ̀, méjì pọ̀ náà sì lè débẹ̀ láti 2 lọ. Láti 7 lọ, méjèèjì gbọ́dọ̀ parapọ̀. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: ọmọ tó sún mọ́ ọ̀tá pẹ́kípẹ́kí, ní ìṣísẹ̀ 1 tàbí 2, kò tó ẹni tó wà ní 5 tàbí 6 nínú ewu. Bí o kò bá lè dé 7, má sá díẹ̀.

Ọmọ tó ṣì wà nínú ilé náà kò sùn o. Bí o bá dúró sí ìṣísẹ̀ 4 níwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó nílò 6 láti jáde àti 4 láti pa ọ́. Ọ̀nà 2 ló wà fún un nínú 36. Ewu náà kéré, ṣùgbọ́n ó wà.

Ọmọ wo ló yẹ kó pa?

Òfin Èkó mú ìbéèrè kan wá tí kò sí nínú lúdò àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọmọ méjì bá lè pa, èwo ni ká lò? Ọ̀pọ̀ èèyàn á lo èyí tó sún mọ́ àárín, wọ́n á ní kó tètè lọ sinmi. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ká ní ìwọ àti ẹnì kejì lẹ jọ ń ta á, ilé méjì tí o mú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọmọ pupa rẹ ti rìn 43, ó ku 13. Ọmọ yẹ́lò rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó rìn 2 péré, ó ku 54, ó sì wà lẹ́yìn pupa díẹ̀. Ọmọ ọ̀tá wà níwájú àwọn méjèèjì: ìṣísẹ̀ 3 sí pupa, ìṣísẹ̀ 5 sí yẹ́lò. O gbọ̀n ife, 3 àti 5 já.

Bí o bá fi pupa pa á, ìrìn 13 lo jèrè. Bí o bá fi yẹ́lò pa á, ìrìn 54 lo jèrè. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 41. Dáìsì méjì ń fúnni ní 7 lẹ́ẹ̀kan tí a bá pín in dọ́gba, torí náà, 41 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìjù mẹ́fà. Ìjù mẹ́fà lọ́fẹ̀ẹ́ lo sọ nù bí o bá yan pupa! Ọmọ tuntun ni kó máa pa. Jẹ́ kí ọmọ àgbà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé.

Tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀tá méjì lo lè pa, ẹ wo èyí tó ti rìn jìnnà jù, torí òun ni ọ̀tá máa pàdánù jù. Ẹ fi ohun tó kù fún ọmọ tìrẹ kún ohun tí ọmọ tirẹ̀ ti rìn: iye tí pípa yẹn tó nìyẹn. Èyí tó bá pọ̀ jù ni kí o ṣe. Ní ìdà kejì, ọmọ rẹ tó ti rìn 45 ni ọ̀rọ̀ ìṣísẹ̀ 7 yẹn kàn jù. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lè fi ara wewu.

Bí a ṣe ń ka máàkì

Géèmù kan ṣoṣo kò fi ẹni tó mọ̀ ọ́n ta hàn. Oríire lè gbé ọmọdé borí ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan. Tó bá di géèmù mẹ́wàá, ogún, ìgbà náà ni ọgbọ́n á wá hàn, torí oríire á ti pín káàkiri, àṣìyàn kò sì ní í pín.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n ka géèmù: ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ márùn-ún ló gba ọjọ́ náà. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà kan tó tún sàn jù. Bí ẹnì kan bá borí, ẹ ka iye ọmọ alátakò tí kò tíì dé àárín. Iye yẹn ni máàkì rẹ̀. Bí ó ti parí mẹ́jọ rẹ̀, tí tìrẹ sì ku márùn-ún, ó gba 5. Bí tìrẹ bá ku ọ̀kan, ó gba 1. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé 20 ló gbà á. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ẹni tó ti mọ̀ pé òun máa pàdánù ṣì ní ohun tó ń jà fún. Kò ní dojú bọ́ọ̀dù dé.

Ọ̀rọ̀ owó

Mo mọ̀ pé kì í ṣe máàkì ni ọ̀pọ̀ ń kà. Owó ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìyókù yìí, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́.

Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n ń tà fún ara wọn nídìí bọ́ọ̀dù: "Bí o bá pàdánù, sọ owó náà di ìlọ́po méjì. Ìgbàkígbà tó o bá jẹ, gbogbo owó ẹ á padà." Ó dùn létí. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦500. O pàdánù, o fi ₦1,000 lé e. O tún pàdánù: ₦2,000, ₦4,000, ₦8,000. Bí o bá pàdánù lẹ́ẹ̀marùn-ún léra, ₦15,500 ti lọ. Bí o bá sì jẹ ní ibikíbi lójú ọ̀nà, èlé rẹ lórí gbogbo wàhálà yẹn kò ju ₦500 lọ.

Ká ní ìwọ àti alátakò rẹ mọ̀ ọ́n ta dọ́gba. Kí èèyàn pàdánù lẹ́ẹ̀marùn-ún léra, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 32 ni. Nínú ìgbà 32 tí o bá gbìyànjú ọgbọ́n yìí, wàá jẹ ₦500 nígbà 31, ìyẹn ₦15,500. Nígbà kan tó kù, wàá pàdánù ₦15,500. Òfo ni. Bí ẹni tó ni bọ́ọ̀dù bá tún ń gba owó ìjókòó, gbèsè ni. Bí alátakò rẹ bá sì mọ ọ̀rọ̀ ìṣísẹ̀ 7 àti ọmọ tuntun tí ìwọ kò mọ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́ síta.

Ẹni tó ń sọ owó di ìlọ́po méjì gbà pé àdánù òun ti pọ̀ tó, pé nǹkan gbọ́dọ̀ yí padà báyìí. Èrò ẹni tó ń dúró de ẹẹ́fà náà ni. Ó rò pé ẹnì kan ń ṣe àkọsílẹ̀ ìyà òun níbì kan. Kò sí ẹni tó ń kọ ọ́, dáìsì pàápàá kò kọ ọ́. Owó ilé ìwé ọmọ àti owó oúnjẹ kì í ṣe ohun tí a ń kó fún nǹkan tí kò lè rántí ẹni.

Ẹ máa ta lúdò yín. Eré tó dára ni, ó ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò ju bí pátákó kíláàsì ṣe lè kọ́ ọ lọ, ó sì ń mú kí aládùúgbò mọ orúkọ ara wọn. Ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín, ẹ fún wọn ní dáìsì méjì àti bébà, kí wọ́n ju ọ́ ní ìgbà 36, kí wọ́n ṣàmì sí gbogbo ìgbà tí ẹẹ́fà bá já. Kò ní jẹ́ 11 géérégé, ó lè jẹ́ 8, ó lè jẹ́ 14. Kí wọ́n tún ṣe é, kí wọ́n tún ṣe é, kí wọ́n rò gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n sì máa wo bó ṣe ń sún mọ́ 11 nínú 36 díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí ìyẹn, ẹni tó máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí bọ́ọ̀dù máa ní iṣẹ́ ńlá láti ṣe.